Ẹ Fi Wákàtí Kan Lé E

Kí ẹnikẹ́ni tó nàka sí Ameenat, Màámá Bùakéè ni kó kọ́kọ́ nàka sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyà: ọ̀dọ̀ òun arúgbó tó ń fi owó àtijọ́ ná ọjà òní ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Nímọ́tà lorúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ta abọ́ ní Bùakéè, ní Kódifúà, kó tó kó ẹrù rẹ̀ wálé sí Èjìgbò. Ohun tó kù sí i lára nínú ogójì ọdún náà kò ju Faransé tí kò gún lọ, àti orúnkún méjì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àti ìwà kan. Aago Bùakéè fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Èjìgbò. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá Ameenat, tó ṣì wà lọ́hùn-ún, bá ní òun máa pè ní aago mẹ́fà, méje ni nílé. Ilé tó bá ní èèyàn ní Kódifúà ní Èjìgbò, èwo ni kò sì ní, ló mọ ìṣirò yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: ohun tó bá gba inú fóònù wá, ẹ fi wákàtí kan lé e.

Ìṣirò tó dára ni. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohùn inú fóònù ló ń ti Bùakéè wá. Kòtò tí Màámá jìn sí nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án, tí òjò ń rọ̀ tó ń dá. Èéfín ìyangàrí bo ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Ameenat jókòó ti agbada, àfọ́kù igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ti gàrí síwá, ó ń fà á sẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àsùbáà ló ti wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bí ìsinmi bá parí, kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì ló máa wọ̀, owó gàrí yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi ra ìwé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orí adìyẹ tí àìsàn mú.

"Ameenat, ṣé o ń sùn ni?"

"Mi ò sùn, Màámá. Mo kàn dijú ni."

"Gàrí ò mọ ìyàtọ̀ ẹni tó sùn àti ẹni tó dijú o. Jíjó ló máa jó." Màámá bú sẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo wà lọ́mọge bíi tìẹ, mo sùn ti agbada báyìí. Iná jó ìdí ìró mi, mi ò mọ̀. Mo gbé igbá gàrí, mo gba ojú ọjà kọjá, gbogbo èèyàn ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo rò pé ẹwà mi ni wọ́n ń wò. Àṣé ìdí mi ni!"

Ameenat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lágbára. Kò tiẹ̀ dé ojú rẹ̀.

Ọmọpẹ́, ọ̀rẹ́ Màámá, ló jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló ń gbé, oko rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ náà ti wá. Ó ń fi ọwọ́ kàn án wò kí ọ̀bẹ tó débẹ̀, nítorí ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́, ti òsì sì ti ń ṣú. Dókítà ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un pé irú àìsàn ojú yìí, èyí tó bá ti lọ kì í padà.

"Ọ̀la ni òṣùpá máa pọ́n, àbí?" Ọmọpẹ́ bi Ameenat. Ó jọ pé ó ti tó ìgbà kẹta tó bi í lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀la ni, Ìyá. Lórí Ilé Awòràwọ̀ la ti máa wò ó."

Ilé Awòràwọ̀ náà kì í ṣe ilé kan lọ títí. Yàrá kékeré ni, lórí dẹ́kì ilé ìkàwé ìlú, tí àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà ní Àbíjáàn dáwó jọ kọ́. Wọ́n gbé awò gígùn kan síbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní tẹlisikóòpù. Ọ̀gá Ajíbádé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ló ń mójú tó o. Ameenat wà lára àwọn ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó fún un ni kó máa jíṣẹ́ Ilé Awòràwọ̀ fún àwọn ìyá àdúgbò.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," Ọmọpẹ́ ní, "òṣùpá àti oòrùn jà. Ìyẹn ni bí a ṣe ń pè é nígbà náà. Gbogbo ìlú ń lu odó, wọ́n ń lu páànù, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ kí wọ́n jáwọ́. Ìyá mi ní ọmọdé ò gbọdọ̀ rí i. Ó gbé agbọ̀n ńlá, ó fi bò mí mọ́lẹ̀ nínú yàrá, ó wá jókòó lé e."

"Ó jókòó lé ọ lórí?" Màámá bi í.

"Lórí agbọ̀n."

"Abájọ tí orí rẹ fi pẹlẹbẹ!"

"Fi orí mi sílẹ̀, ìwọ oníró jíjó." Ọmọpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó nu imú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ariwo yẹn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ojú kan ló kù fún mi báyìí, Nímọ́. Kí òun náà tó ṣú tán, mo fẹ́ fi rí i. Kò sí ohun mìíràn tí mo tún fẹ́ fi í rí."

Màámá ti igi sí abẹ́ agbada. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù dún lórí ògiri tí wọ́n gbé e lé. Ameenat kò ní fóònù tirẹ̀, ti Màámá ni wọ́n fi ń wá a. Gàrí ti kún ọwọ́ ọmọ náà, nítorí náà Màámá ló tẹ̀ ẹ́ kí ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀ lè jáde. Iná ń ta, ọmọ ilé kejì ń ké, ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀gá Ajíbádé jáde ketekete:

"Ameenat, kú iṣẹ́ o. A ò rí ọ ní ìpàdé àná. Sọ fún àwọn màámá àdúgbò yín pé aago méje ọ̀la ni kí wọ́n ti wà lórí dẹ́kì. Kí wọ́n má pẹ́ o. Pípọ́n ni òṣùpá máa fi yọ, pípọ́n náà ò sì ní pẹ́ lọ títí."

"Ó ní aago kélòó?" Ọmọpẹ́ bèèrè.

"Méje," ni Màámá wí. "Fi wákàtí kan lé e. Mẹ́jọ!" Ẹnu rẹ̀ ti ṣe ìṣirò náà kí orí rẹ̀ tó débẹ̀.

Ameenat gbójú sókè. Ó la ẹnu. "Màámá, Ọ̀gá Ajíbádé..."

"Kí ló ṣe Ọ̀gá Ajíbádé?"

Ọmọ náà wo Màámá, ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì bó, ó wo àpò tí wọ́n ti fi òkúta tẹ̀ kí omi rẹ̀ lè gbẹ, tó ṣì ń dúró dè é. Ó pa ẹnu dé.

"Kò sí nǹkan, Màámá."

"Aago mẹ́jọ ló dára jù. A ó ti kírun Ìṣáì, a ó ti jẹun. Fualà, ó parí!"

Bẹ́ẹ̀ ni Màámá ṣe gbé ìròyìn náà jáde. Ó sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí láàárín àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, á ní, "Ọmọ mi ló wà nídìí rẹ̀," á sì gbọn èjìká bí ẹni pé òun ló gbé òṣùpá síbẹ̀. Ó ṣe ohun tí àgbàlagbà tó bá mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kì í ṣe: kò bi ẹnikẹ́ni wò.

Ọjọ́ kejì, oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Afeezat wá pe Ameenat. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin ìgàn lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Màámá, lẹ́yìn náà ó fa Ameenat sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Etí Màámá ṣì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

"O ò tíì sọ fún wọn?" Afeezat ni.

"Sọ kí ni?" Màámá bi wọ́n láti orí ẹní.

"Kò sí nǹkan, Màámá! Ẹ̀rín la ń rín."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló wà lójú Ameenat. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ẹni tí kò wo ojú dáadáa, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? Màámá ń wá gèlè rẹ̀.

"Màámá," Ameenat wí, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, "bí òṣùpá bá ti yọ, màá sáré wá pè yín."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. A mọ aago."

"Ẹ jẹ́ n tètè wá pè yín sá."

"Máa lọ, jàre! Ṣé mi ò mọ̀nà ni?"

Afeezat ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fà á lọ. Ameenat bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n yà sí kọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Wisdom ọlọ́kadà gbé Ọmọpẹ́ dé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ náà ló tún wọ̀ wá, ó sì ti fi omi gbígbóná nu ojú kan tó kù fún un, bí ẹni nu gíláàsì àtùpà.

"Wisdom, padà wá gbé mi tó bá ṣe díẹ̀ o," ló wí.

"Màá wá, Ìyá. Ẹ bá mi kí òṣùpá."

Màámá kírun Màgàríbì, lẹ́yìn náà ó bu àtíékè àti ẹja díndín fún àwọn méjèèjì. Àtíékè ni ẹ̀gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sè é ní Kódifúà, Ọmọpẹ́ sì máa ń sọ pé gàrí tó gbàgbé láti gbẹ ni. Wọ́n ń jẹun nínú iyàrá lọ. Iná ìjọba kò sí. Ilé alájà méjì tó wà níwájú wọn ti dí apá ìlà-oòrùn pa, wọn kò rí nǹkan kan níta ju ògiri rẹ̀ lọ.

Ó ṣe díẹ̀, àwọn ọmọdé figbe ta ní títì. "Hééè! Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

Ọmọpẹ́ dá òkèlè dúró. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ti mú iná dé ni," Màámá ní.

"Iná ò tàn níbí."

"Á jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni. Jẹun, ẹja ń tutù."

Ọmọpẹ́ jẹun. Ariwo náà tún sọ lókè, àwọn kan tiẹ̀ ń lu abọ́. Ọmọpẹ́ gbé orí sókè bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀ látijọ́, ṣùgbọ́n Màámá ti dìde lọ bu omi àlùwàlá fún Ìṣáì, ó ń kọrin. Kò jókòó lé agbọ̀n kankan, síbẹ̀ ó bo Ọmọpẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ṣe nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò, òṣùpá ti ga kọjá òrùlé ilé alájà méjì náà. Ó dúdú lápá kan, ó funfun létí kejì bí ìgbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu.

"Ó ti ń bẹ̀rẹ̀!" Màámá kígbe. "Ẹ yára!"

Wọ́n yára bí àwọn orúnkún wọn ṣe lè yára. Ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ti gùn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, Màámá gbé ẹsẹ̀ lé ìkínní, orúnkún ké. Ó dúró, ó mí. Ó tún gbé ẹsẹ̀.

"Ta ló kọ́ nǹkan yìí?" ló ń wí. "Ṣé òṣùpá ni wọ́n fẹ́ ká wò ni, àbí wọ́n fẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èémí díẹ̀ tó kù fún wọn. Ọmọpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ wá ògiri, ó ń gùn ún lọ láìsinmi, ó sì ṣáájú gbogbo wọn dé òkè.

Lórí dẹ́kì, àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ká ẹní. Àwọn kan ń na ara, wọ́n ń yán. Ọ̀gá Ajíbádé rí àwọn ìyá tó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú òkùnkùn àtẹ̀gùn, ó sì sáré wá kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin màámá. A mà dúró dè yín títí."

"A ti dé," Màámá ní. "Bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá wò ó. "Màámá, ó ti parí. Pípọ́n rẹ̀ ti kọjá. Ohun tí ẹ ń rí yìí, ó ń funfun padà ni."

"Aago mẹ́jọ lo pè wá sí!"

"Méje ni mo wí, Màámá. Inú fóònù yín gan-an ni mo sọ ọ́ sí."

Inú fóònù. Màámá gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ó rí agbada gàrí, ó rí iná tó ń ta, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé kí wọ́n fi wákàtí kan lé e. Àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló pè wá jáde ní irú àsìkò yìí? Ta ló ní mẹ́jọ?

"Sé mùwà!" Màámá kígbe, ó lu àyà. "Èmi ni! Kí ẹ tó wá ẹlòmíràn lọ, ẹ fi tèmi ṣáájú! Èmi Nímọ́tà, ọ̀mọ̀wé Bùakéè, mo fi wákàtí Kódifúà kún wákàtí Èjìgbò. Ọmọkùnrin yìí wà ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí, mo ṣe é bí ẹni tó ń pè láti òkè òkun. Bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ wá. Àmọ́ ẹ má nà mí lórúnkún."

Ẹ̀rín gba orí dẹ́kì. Kò sí obìnrin tó wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣe irú ìṣirò yẹn rí. Ọ̀kan ní òun náà ti jí ọkọ òun ní Àbíjáàn lóru nítorí wákàtí kan. Bí inú tó ń bí wọn ṣe rọ̀ nìyẹn.

"Àgbà ló ṣì í gbọ́," Hamid, ọmọkùnrin tó ń mú ìdí awò, wí fún Ọ̀gá. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Ọmọpẹ́ nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti dé ìdí awò. Ọ̀gá Ajíbádé mú un lọ́wọ́, ó rọra tẹ orí rẹ̀ sí i, ó fi ojú òsì rẹ̀ ko ẹnu awò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mo rí funfun," ló wí níkẹyìn. "Pupa rẹ̀ dà?"

"Ó ti lọ, Ìyá. Kì í ṣe ìjà ni wọ́n ń jà. Ayé wa yìí ló dúró sáàárín oòrùn àti òṣùpá, òjìji ayé ló bò ó mọ́lẹ̀. Báyìí, òjìji náà ti ń kúrò lára rẹ̀."

"Ìgbà wo ló tún máa bò ó pátápátá, tí a máa rí i níbí?"

Ọ̀gá Ajíbádé họ orí. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò yá a lára láti sọ. "Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin, Ìyá."

"Ọdún mẹ́rin," Ọmọpẹ́ tún un wí. Ó gbé ojú kúrò lẹ́nu awò, ó sì fi etí gèlè nù ún.

Ìgbà yẹn ni Màámá wo Ameenat dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Ọmọ náà ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn Màámá sì fẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè sá pamọ́ síbẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Màámá ti ru ẹ̀bi, ìlú ti rín in, wọ́n sì ti ká ẹní tán. Afeezat náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: Màámá rí i tó na ọwọ́ jáde, tó já Ameenat ní èékánná lápá, tó ṣẹ́jú sí i.

Ameenat gba apá rẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Kì í ṣe Màámá nìkan. Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé méje ni. Mo gbọ́ nígbà tí Màámá sọ pé mẹ́jọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rẹ̀ mí. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, èmi ni wọ́n máa ní kí n tún lọ láti ilé dé ilé, gàrí ò sì tíì tán. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá sọ ọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ojú tì mí. Mo ní bó bá yọ, màá sáré lọ pè wọ́n. Ó wá yọ. Mi ò lè fi í sílẹ̀, Ọ̀gá. Mo ń wò ó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Afeezat ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Hamid bi ọ́ níbí yìí pé ṣé o ti jíṣẹ́," Ọ̀gá Ajíbádé ní. "O ní o ti jẹ́ ẹ."

"Irọ́ ni mo pa, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kò pariwo. Ó jọ pé ì bá sàn fún ọmọ náà ká ní ó pariwo. "Láti òní lọ, Hamid ni á máa jíṣẹ́ fún àwọn ìyá. O ṣì lè máa wá wo òṣùpá. Àmọ́ mi ò ní fi iṣẹ́ ẹnu rán ọ mọ́, títí màá fi tún gbà ọ́ gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tó gùn lójú àwọn ìyá náà nígbà tí wọ́n ń gòkè tún wá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin yòókù dágbére, wọ́n fọ́n ká sílé wọn, wọ́n ń yán. Màámá, Ọmọpẹ́ àti Ameenat jókòó sórí pèpéle ilé ìkàwé, wọ́n ń retí Wisdom.

Ara Màámá ti wó. Àwàdà ti tán nínú rẹ̀ bí omi ti ń tán nínú ìkòkò tó jò. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú Ọmọpẹ́, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbọ́, Ameenat," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo kọ́kọ́ jìn sí i. Èmi ṣì í gbọ́, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni wò. Ìwọ mọ̀ ọ́n, o dákẹ́. Àṣìṣe tèmi, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́ tìẹ, ojú èèyàn kan ló jẹ. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́. Èmi náà ni mo fi iṣẹ́ rẹ̀ ọ́, èmi àti Ọlọ́run la mọ bí a ṣe máa yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ò wúwo tó àpò gàrí, ọmọ mi. Ẹnu lásán la fi ń gbé e. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó o sọ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ dára, mo sì kí ọ fún un. Àmọ́ kò lè gbé òṣùpá padà."

"Mo gbọ́, Màámá." Ameenat yíjú sí ọ̀rẹ́ Màámá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde," Ọmọpẹ́ ní. "Ilẹ̀ tutù."

Kò dìde. Lókè, òṣùpá ti ń sún mọ́ àtifunfun tán, kò kù ju ibi kékeré kan tó ṣókùnkùn létí, bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ tí kò mọ́ délẹ̀. Iná ọ̀kadà Wisdom yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọpẹ́ na ọwọ́, ó ń fi í wá a nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan ojú ọmọ náà, ó sì fi àtàǹpàkò kan ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀tún, ti òsì.

"Àwọn méjèèjì lo fi rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ni, Ìyá."

"Kí Wisdom tó dé, sọ fún mi. Ó pọ́n bí kí ni? Ṣé bí epo ni, àbí bí osùn?"